Ọ́fíìsì Inú Ilé: Bí Iṣẹ́ Oṣù Ṣe Ń Pín Sí Ọ̀nà Méjì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ọjọ́ náà gan-an ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó náírà 200 fò dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ márààrún mọ́, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ìpínlẹ̀ Edo náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ní Èkó pé kí òṣìṣẹ́ láti ìpele kìíní dé ìkẹrìnlá máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí àwọn tó wà ní ìpele 15 sí 17 máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin.

Ìròyìn ti Kwara yẹn kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ìlọrin, olú ìlú Kwara, sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ju Ìbàdàn tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ. Àwọn kan ń gbé ní Ìlọrin ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ọkọ̀ sì ń ná ọ̀nà náà láti ìdájí di alẹ́. Ohun tí gómìnà bá sọ ní ìhà ọ̀hún, oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn ní ìhà ìhín ló kàn.

Àmọ́ ohun kan wà nínú àwọn àṣẹ wọ̀nyí tó yẹ ká tún wò dáadáa. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, owó ọkọ̀ náà ló sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn. Kí a dín ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń wọ mọ́tò kù, ohun kan nìyẹn. Kí a ṣètò iṣẹ́ tí yóò máa ṣe nílé, pẹ̀lú irinṣẹ́, àkókò àti àdéhùn, ohun mìíràn ni. Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sílé tí wọn kò gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ìsinmi ni wọ́n fún un. Ẹni tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún tí wọn kò fún ní ohun tí yóò fi ṣe é, ẹrù ni wọ́n dì lé e lórí.

Kì í ṣe ohun tuntun ní Ọ̀yọ́ kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ níbi tó ń gbé. Ìdílé Ìṣọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ awọ, àwọn afíngbá tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ igbá Ọ̀yọ́ di ohun tí àlejò ń rà lọ sílé, àwọn agbẹ́gi, àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ lórí òfì olóòró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbo ilé ni gbogbo wọn ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé àti iṣẹ́ dàrú mọ́ra wọn nígbà náà. Afíngbá ní àyè tirẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ti fín wà lọ́tọ̀, èyí tí kò tíì fín wà lọ́tọ̀, èéfọ́ igbá wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọdé kì í sì í fi ibẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá ń kọjá ti mọ ohun tó ń ṣe kó tó débẹ̀, á kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú rí iṣẹ́ náà, etí gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ oṣù ló gbé iṣẹ́ jáde kúrò nínú agbo ilé. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, iṣẹ́ ìwòsàn wọn sì tẹ̀ lé e ní 1907, èyí tó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen lónìí. Ìjọba àwọn òyìnbó náà kó ọ́fíìsì tirẹ̀ dé. Agogo ń lù, òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí ìwé nígbà tó bá dé àti nígbà tó bá ń lọ. Láti ìgbà náà ni ará ilé ti ń fi ìjáde dá òṣìṣẹ́ mọ̀: ẹni tó wẹ̀, tó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀, tó gbé báàgì jáde láàárọ̀, iṣẹ́ ló lọ. Ẹni tó kù nílé kò rí ibi kankan lọ.

Àrùn Kòrónà ló kọ́kọ́ da ìlànà yìí rú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìpele 12 lọ sísàlẹ̀ dúró sílé. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì kéde kónílé-ó-gbélé láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìpàdé bọ́ sórí Zoom àti WhatsApp. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ padà sídìí tábìlì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fojú ara wọn rí i pé iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí kò béèrè mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í ṣe kékeré ní agbègbè yìí. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bíi kìlómítà 52, ló pẹ́ jù nínú ọ̀nà oníbejì tó yẹ kó so Ìbàdàn mọ́ Ìlọrin. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní 2010, ọdún mẹ́wàá sì kọjá dáadáa láìparí. Lójú ọ̀nà àtijọ́, tírélà, táńkà epo, bọ́ọ̀sì akérò àti ọlọ́kadà ló jọ ń fi ọ̀nà tóóró kan ṣe àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn àjò tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ló ń rìn lójoojúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà epo kan ti kọjá náírà 1,000. Ọjọ́ méjì tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá wọ ọ̀nà yẹn nínú ọ̀sẹ̀ kan, owó ni, wákàtí ni, ẹ̀mí sì tún ni.

Ta ni ètò yìí wá wúlò fún? Ẹ wo olùkọ́ yunifásítì. LAUTECH, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, kún fún àwọn tí wákàtí tí wọ́n ń lò níwájú akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ apá kan péré nínú iṣẹ́ wọn. Ìyókù ni kíka iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, ṣíṣe ìbéèrè ìdánwò, mímáàkì, kíkó èsì jọ, àti kíkọ ìwé ìwádìí, tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Yunifásítì náà tún ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ olùkọ́ yìí tó ń darí iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò tàbí inú oko ẹ̀kọ́ kò lè gbé ẹran àti ohun ọ̀gbìn lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Bowen kò lè ti ilé yí aláìsàn padà lórí ibùsùn.

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa, fáìlì ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ gbé láti tábìlì dé tábìlì, tí ọ̀gá ń kọ̀wé sí létí, tí mẹ́sẹ́ńjà ń dì mọ́ abíyá. Níbi tí fáìlì bá wà ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Didi Walson-Jack, pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó iṣẹ́ wọn kúrò lórí bébà sórí ẹ̀rọ kí ọdún 2025 tó parí. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá dé Àtìbà àti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ tọkàntọkàn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé yóò tó kan akọ̀wé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ilé. Ẹ wo obìnrin tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, tó ń ṣe ìṣirò owó fún iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tó ń lọ sọ́hùn-ún lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, tó ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ yòókù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí iná bá dé: á ki ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà alágbèéká bọ iná, á ki fóònù bọ̀ ọ́, á lọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ. Láago mẹ́jọ, ó ti palẹ̀ àwo mọ́ kúrò lórí tábìlì ìjẹun, ó ti ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì ka lẹ́tà méjì tán tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi yọjú.

“Ìyàwó mi, o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?”

Ó kúnlẹ̀. “Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mà.”

“Háà, ó dáa náà. Ìgbà tó o kúkú jókòó, gbódó tí mo sá ti gbẹ. Bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kí oòrùn tó mú.”

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé ó wà nílé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ṣe ìdájọ́: ènìyàn kan jókòó, ó ń wo gíláàsì, ìka rẹ̀ ń mì. Kò sí èéfọ́ igbá nílẹ̀, kò sí ariwo òfì. Aládùúgbò tó wọlé láìpẹ́ sí i kò kí i ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìjókòó ló kí i, ó sì fa àga kan kó lè bá a jókòó. Ìyàwó ilé tó bá sì kọ̀ láti dìde nígbà tí ìyá ọkọ bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́ ọ kí ọjọ́ tó rọ̀. Nítorí náà, ó gbé gbódó, ó dé láago mẹ́wàá, ìṣirò tó yẹ kó fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án di ti alẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn.

Níbí gan-an ni ìṣòro tó tóbi jù nínú ètò yìí wà ní ìlú wa, ó sì yani lẹ́nu pé òun ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kì í sábà ronú kàn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ yóò sùn sílé. Sísùn kọ́ ni ìyọnu, pàápàá fún obìnrin: wọ́n ń kó iṣẹ́ ilé lé iṣẹ́ oṣù lórí, wákàtí kan náà ni wọ́n sì ní kí ó fi ṣe méjèèjì. Ọkùnrin kò bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Òun ni wọ́n ń pè sí ìpàdé ẹbí ọ̀sán gangan, òun ni wọ́n ní kó sáré lọ dúró ti mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ kò wúwo tó ti obìnrin, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, obìnrin yìí kan náà lè sọ pé òun kò ní padà sí ọjọ́ márùn-ún. Ó ní ìdí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń gbani níyànjú pé kí ìyá fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26. Ìsinmi ìbímọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó wà láàárín wọn, tí ìyá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ọmọ ṣì ń mu ọyàn, kò sí ohun tó lè dí àyè rẹ̀ bí ọjọ́ mélòó kan nílé nínú ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní òbí àgbàlagbà tó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́ náà mọ iyì ètò yìí. Ọmọ tó bá sì ti ilé ìwé dé tó bá ìyá rẹ̀ nílé, kò ní máa káàkiri ilé aládùúgbò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Iná àti dátà ni ìnáwó tó máa ń yọjú lẹ́yìn tí inú ti dùn tán nítorí owó ọkọ̀. Ní ọ́fíìsì, iléeṣẹ́ ló ń san owó iná. Nílé, àpò òṣìṣẹ́ ni. IBEDC ló ń pín iná fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, dé náírà 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ń san dín sí i, iná wọn sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná bá lọ lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo tí mọ́tò kò mu. Ẹni tó bá lágbára á ra sólà àti bátìrì. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Kódà ẹni tó ti ra dátà sílẹ̀ lè rí i kó dákẹ́: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tó yọ̀ pé òun fi owó ọkọ̀ pamọ́, kó kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọjọ́ kan nílé ń ná an.

Ìnira kan tún wà tó kan àwọn ọ̀dọ́ ìlú tó ní yunifásítì, tó lè má tètè yé àwọn ará Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà jáde ní LAUTECH, ó ṣì ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí owó ilé kò wọ́n tó ti Èkó, ó ń bá iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní California, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ níbí. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru, owó ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí i kó lọ síbi iṣẹ́. Kí ni àdúgbò yóò pè é? Ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìfura yẹn lè di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó ya wọ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ, ariwo sì pọ̀ débi tí ọ̀gá àjọ náà fi fòfin de irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kò yẹ kó máa fi ẹ̀rù sùn. Fún irú ọ̀dọ́ yìí, ọjọ́ méjì tó ń fi lọ jókòó ní ọ́fíìsì tàbí ní ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń háyà tábìlì ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Àwọn ènìyàn á rí i kó jáde, kó wọlé.

Ṣé iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa? Ìwádìí kan tó lágbára wà lórí èyí. Iléeṣẹ́ Trip.com ní Ṣáínà pín òṣìṣẹ́ 1,612 sí méjì láàárín 2021 sí 2022: àwọn kan ń wá lọ́jọ́ márààrún, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2024. Iṣẹ́ kò burú sí i, ìgbéga kò dín kù, àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Àwọn ọ̀gá tó rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ yóò fà sẹ́yìn yí ọkàn padà lẹ́yìn náà. Lóòótọ́, iná kì í ṣe ìyọnu àwọn ará Ṣáínà bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n ṣe wà tí Ọ̀yọ́ lè ṣe láìná kọ́bọ̀: gbogbo ẹgbẹ́ tó pín sínú ètò náà ló mọ ọjọ́ tó jẹ́ ti ilé àti ọjọ́ tó jẹ́ ti ọ́fíìsì. Kì í ṣe “wá nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

Ọjọ́ tó dúró sójú kan ló ń kọ́ ará ilé. Ìyá tó bá ti mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ni ìyàwó ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ nílé, tó rí i tó wọ aṣọ ọ́fíìsì, tó wọ yàrá kan pàtó, tó sì ń jáde láago kan láti jẹun, yóò gbé gbódó rẹ̀ fún ọmọ ilé mìíràn. Bí ọkọ bá tètè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìjà yóò ti dín kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ sọ fún ìyá ni, kò yẹ kó di ẹrù ìyàwó. Àwọn afíngbá kò dúró de kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò ibi tí àyè iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n fi í síbi tí gbogbo agbo ilé ti rí i.

Ọ́fíìsì ní tirẹ̀ ṣì ní ohun tí ilé kò lè fúnni. Ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèsì lẹ́tà ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀, nípa kó jókòó ti àgbà iṣẹ́ kó sì máa wò ó. Kò sí ìpàdé orí Zoom tó lè kọ́ ọ ní èyí tán. Ìdánìkanwà náà wà ńbẹ̀: nínú ìwádìí kan tí Trip.com ṣe ṣáájú, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Ctrip, iṣẹ́ àwọn tó ń ti ilé dáhùn ìpè fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n, nǹkan bí ìdajì wọn ló padà sí ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí pípín ọ̀sẹ̀ sí méjì fi dára ju kí gbogbo rẹ̀ wà nílé lọ.

Ohun tó kù ni ìwé. Ọ̀pọ̀ ètò báyìí ní agbègbè wa, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é: ọ̀gá ní kó máa lọ, òṣìṣẹ́ ní ẹ ṣé sà. Ó léwu. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 kan ẹni tó gbé èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ sílé sórí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà fi ń wo fíìmù. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, tún sọ ní abala 11 pé ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ níta ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ló fọwọ́ sí i kó máa ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Obìnrin Ọ̀yọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí wáyà jẹnẹrétọ̀ bá gbá a níbi tó ti ń gbìyànjú láti fi ìṣirò ránṣẹ́ lálẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè ni ẹ̀rí pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Lẹ́tà ojú ìwé kan tó dárúkọ àwọn ọjọ́ ilé, àwọn wákàtí, ẹni tó ni ẹ̀rọ àti iye tí iléeṣẹ́ yóò máa fi kún owó dátà àti iná yóò tó ẹ̀rí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ló yẹ kí òṣìṣẹ́ béèrè fún un.